Ìyá Àgbà Ọmọ Ọdún Mẹ́rìnlélógún

                                        Fúláàtì Kẹfà, Marshwren Court,
                                        Thamesmead North,
                                        London.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Saadat, ọ̀rẹ́ tó ti di ọmọ ìyá mi,

Báwo ni ara, báwo ni ilé? Ẹ kú ààwẹ̀ o, kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà kí wọ́n rìn dé mọ́sáláṣí láìfara ti ògiri gbogbo aládùúgbò? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn? Ìwọ náà ńkọ́, àti ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun tí o ní ayọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí o sùn? Mo máa ń rí ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí mò ń fa òwú já láìnídìí. Ara mi le, mo dúpẹ́. Ọkàn mi ni kò tíì jókòó sójú kan, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti wà ní kíláàsì kìíní ni ọkàn mi ti ń rìn kiri.

Wàá ti máa bi ara rẹ léèrè ohun tó dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà bí ẹni pé fóònù mi ti kú. Ògiri ilé yìí ló fẹ́lẹ́. Tí mo bá ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ nínú yàrá mi, Auntie Patricia, àbúrò màmá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ló máa ń dá mi lóhùn láti ilé ìdáná. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ fún ọ pé àyà mi ń já, mo kàn gbọ́ láti ìdí ìkòkò pé, “Àyà ẹ ò ní í já lórúkọ Jésù. Wá bá mi gé ẹ̀fọ́.” Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí sì kan Auntie fúnra wọn, nítorí náà ìwé ló kù.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti iléèwé. Ìwọ lo sọ pé tí mo bá ti dé yunifásítì, ìbẹ̀rù mi á lọ. Kò lọ o. Ó bá mi wọ bọ́ọ̀sì ni. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo jókòó sí kíláàsì àwọn tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe afárá. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé mo ti ṣìnà, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti dìde lójú gbogbo wọn, ni mo bá jókòó títí wọ́n fi parí, mo tún ń kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe afárá mìíràn sórí odò Ògùn, sọ fún wọn kí wọ́n pè mí.

Nígbà tí mo wá rí kíláàsì tèmi, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa aṣọ àti ìmúra, mo rí i pé ṣòkòtò tó ya lórúnkún ni gbogbo wọn ń wọ̀. Mo ra ọ̀kan kí n lè dàbí wọn. Kí n tó jí lọ́jọ́ kejì, Auntie ti rán an pa, wọ́n tún ti lẹ àǹkárá mọ́ ọn nínú kó má baà ya mọ́. Wọ́n ní àwọn kò ní í jẹ́ kí n gbé ìṣẹ́ lọ síléèwé ọlọ́mọ. Mo wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan bi mí ibi tí mo ti rà á.

Ohun tó wá fẹ́ pa mí ni iṣẹ́ tí olùkọ́ wa fún wa. Zoe ni orúkọ rẹ̀, orúkọ yẹn gan-an ló sì ní ká máa pe òun. Èmi ò lè pe olùkọ́ lórúkọ, “Mà Zoe” ni mò ń pè é, ó sì ti sú u láti máa tún mi ṣe. Ó ní kí kálukú yan ẹnì kan tó ṣiṣẹ́ módẹ́lì ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà àwọn ìyá àgbà wa, ìyẹn àwọn tó ń wọ aṣọ tuntun rìn lọ rìn bọ̀ kí àwọn oníbàárà lè rí bó ṣe rí lára. Ká dìde níwájú kíláàsì, ká sọ ìgbésí ayé ẹni náà, ká sì mú ohun kan wá tí kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ mú wá kò ní í yege, ẹni tí kò bá sì yege yóò tún ẹ̀kọ́ náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Saadat, o mọ bí bàbá mi ṣe wá owó kiri kí n tó dé ibí yìí. Mi ò sùn.

Mo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Auntie gbé òkèlè wọn mì, wọ́n ní, “Módẹ́lì Amẹ́ríkà lò ń wá? Mo ní ọ̀kan.”

Nọ́ọ̀sì ni Auntie ní ọsibítù ńlá tó wà lẹ́bàá Woolwich Common. Ìyá àgbà kan, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ṣubú lọ́dún tó kọjá, ó sì wà ní wọ́ọ̀dù wọn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà sílé, Auntie ò lè gbàgbé rẹ̀, ni wọ́n bá ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi wọn. Miss Verna Hollis ni wọ́n ń pè é. Wàá rí i pé “ó” ni mò ń fi pè é, bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ní sùúrù, wàá rí ìdí rẹ̀.

Bí ó ṣe ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo Auntie, ó ní, “Kí ló sọnù?”

Auntie ní kò sí ohun tó sọnù, pé ìkíni ni.

Ó ní, “Dìde. Kò sẹ́ni tó ń rí aṣọ tó bá wà nílẹ̀.”

Ó ga, Saadat. Àwọn ìyá wa ní ọ̀rọ̀ kan fún irú rẹ̀: agùntáṣọọ́lò. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ṣe lọ̀pá ń tẹ̀ lé e bí ọmọ ọ̀dọ̀. Tó bá jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í kan àga. Èmi tí mo jókòó síwájú rẹ̀, tí mo ki ọrùn bọ èjìká, kò tíì mu tíì tán tó fi ní, “Ọrùn rẹ wà níbẹ̀. Gbé e jáde.”

Ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n ti bí i. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ fún àwọn òyìnbó, Verna ló sì ń ru aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ náà lọ fún wọn, lórí. Saadat, lórí, gẹ́gẹ́ bí èmi àti ìwọ ṣe ń ru omi láti ìdí kànga iléèwé. Ó ní gbogbo àṣírí ìrìn kò ju ìyẹn lọ: máa rìn bí ẹni tí ohun kan wà lórí rẹ̀ tí yóò bàjẹ́ tó bá kánjú. Mo rántí gbogbo ìgbà tí a da omi sára ara wa, mo sì rí i pé iṣẹ́ náà ò bá wa mu.

Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí New York, ó rí iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ ní ilé kan tí wọ́n ti ń rán kóòtù fún àwọn olówó. Ẹ̀yìn ilé ló wà, nínú ooru àyọ́ọ̀nù. Lọ́jọ́ kan tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ńlá wá wo ọjà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ omidan tó yẹ kó wọ kóòtù wú nítorí eyín tó ń dùn ún. Ara omidan yẹn ni wọ́n fi wọn kóòtù, kò sì sí ẹlòmíràn tó rí gbọọrọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà àfi ẹni tó ń lọ aṣọ. Ọ̀gá ní kí Verna wọ̀ ọ́, kó rìn lọ, kó rìn bọ̀, kó má sọ̀rọ̀. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Gbogbo wọn ló ra kóòtù náà. Ọ̀gá ní ó ṣeun, kó padà sídìí àyọ́ọ̀nù. Ó dá ọ̀gá lóhùn pé òun á padà tí kóòtù bá ti kúrò lára òun, kò sì bọ́ ọ títí ọ̀gá fi yí ọkàn padà.

Bó ṣe di módẹ́lì nìyẹn. Kò rọrùn fún un. Àwọn ilé ìtajà kan wà tó jẹ́ pé aṣọ wọn ló ń wọ̀, síbẹ̀ wọn kì í jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé nítorí àwọ̀ rẹ̀. Inú ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ròkè ni wọ́n ń fi í sí, òun àti àwọn páálí ọṣẹ. Ó ní òun ò sunkún, inú ẹ̀rọ náà lòun ti ń kọ́ ìdúró, nítorí ilẹ̀ rẹ̀ máa ń mì, ẹni tó bá sì lè dúró gbọnrangandan níbẹ̀ lè dúró níbikíbi. Èmi ni omi ń bọ́ lójú mi. Ó ní kí n nu ojú mi, pé ẹkún máa ń ba ọrùn jẹ́.

Láyé ìgbà náà, kò sí àtíkè tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Ó ń po tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń da kòkó tí wọ́n ń mu láàárọ̀ sínú rẹ̀. Tí iná àwọn ayàwòrán bá ti mú un, òórùn kòkó á gba gbogbo yàrá. Ayàwòrán kan wà tí kì í lè yà á pẹ́ kí ebi tó pa á. Àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń kà, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Orúkọ ẹni tó ṣe fìlà ni wọ́n ń kọ.

Fìlà yẹn ló sì kó bá mi. Mo wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń ta mí, àwòrán kan ṣoṣo ni mo rí, fìlà ńlá sì bo gbogbo ojú. Àgbọ̀n nìkan ló yọ. Mo fi han Mà Zoe. Ó wò ó dáadáa, ó ní àgbọ̀n yìí lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún Miss Verna, ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

“Ó ní ti ẹnikẹ́ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ọjọ́ wo ni kíláàsì yẹn?”

Mo sọ fún un. Ó ní òun á wá fúnra òun, nínú kóòtù pupa òun, kí wọ́n wá wo ẹni tó ni àgbọ̀n. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sùn.

Kí n tó lọ sí ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, kí n sọ ti ọjọ́ orí. Nínú iṣẹ́ wọn nígbà náà, omidan tó bá ti pé márùndínlọ́gbọ̀n, wọ́n á ní ó ti gbó. Nítorí náà ó dúró sí mẹ́rìnlélógún. Ó dúró síbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá. Àbúrò rẹ̀ bá a níbẹ̀, ó kọjá rẹ̀ lọ, ó wá di dandan kó máa pe àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n lójú àwọn èèyàn. Nígbà tí mo sọ èyí fún Auntie, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Ta ló wá ń kọ́kọ́ kí ta láàárọ̀?”

Mo ní mi ò mọ̀.

Wọ́n mi orí. “Amẹ́ríkà. Abájọ.”

Láti Amẹ́ríkà ni Miss Verna ti bá àwọn aláṣọ kan wá sí London, wọ́n sì ní kí wọ́n wá ṣàfihàn aṣọ fún àwọn sójà ní Woolwich. Sójà kan tó ń fun fèrè nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn rí i bó ti ń kọjá, ó sì ṣi fèrè fun débi pé gbogbo èèyàn yíjú wò ó. Ẹni tó ṣi fèrè fun yẹn ló fẹ́. Ọkọ náà ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n Miss Verna kò padà sí Amẹ́ríkà mọ́. Ní báyìí, Mista Raymond, ará Barbados kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà, ń gbé ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń mú òdòdó wá, tó ń pè é ní ọmọge. Ó gbà pé Miss Verna tó ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó sì ń bẹ̀rù pé bóyá òun ti dàgbà jù fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mò ń bá Miss Verna fọ ife, ó ṣàdédé sọ fún mi pé ọjọ́ ìbí òun ló ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, òun á pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń ki nǹkan bọ̀ mí lápò. Kò ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bóyá ó rò pé ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ féèyàn. Ṣùgbọ́n Saadat, gbé e yẹ̀ wò. Tí ẹnì kan bá pé mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún nínú ilé tiwa, ṣé a máa ń gbé e pamọ́ ni? Ayọ̀ ló gbé mi délé.

Auntie jó yí ká sítóòfù. Wọ́n pe Pastor Olúsọjí lórí fóònù, Pastor ní irú oore-ọ̀fẹ́ báyìí, ó yẹ ká lọ fọwọ́ kàn án. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní òkè ilé ìṣerun kan ní Plumstead High Street, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tó ń ṣe irun nísàlẹ̀ náà ti gbọ́. Wọ́n ṣe kéèkì. Wọ́n ra bálúùnù aláwọ̀ góòlù méjì, ọ̀kan jẹ́ mẹ́sàn-án, ọ̀kan jẹ́ mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga jù mí lọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kò gbà kí méjèèjì wọlé pọ̀, ni Auntie bá gbé mẹ́sàn-án lọ síwájú, èmi gbé mẹ́ta wọ bọ́ọ̀sì ẹ̀yìn. Gbogbo ọ̀nà ni ìyá kan ń bi mí nípa ọmọ mi tó pé ọdún mẹ́ta, bóyá ó ti ń sọ̀rọ̀. Ojú tì mí láti jiyàn. Mo ní ó ń gbìyànjú.

A dúró sí àgbàlá, lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, a gbé mẹ́sàn-án àti mẹ́ta sókè, a bẹ̀rẹ̀ orin. O mọ ohùn Auntie. Gbogbo fèrèsé ilé náà ló ṣí. Pastor gbàdúrà pé Ọlọ́run tó fi mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ta ìyá wa lọ́rẹ yóò fi ta gbogbo wa, ó sì tún iye náà pè lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí bó ṣe máa ń gbàdúrà nìyẹn. Ìgbà yẹn ni Mista Raymond jáde pẹ̀lú òdòdó rẹ̀. Ó wo mẹ́sàn-án. Ó wo mẹ́ta. Ó ṣí fìlà.

Ó wòkè sí fèrèsé, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.”

Miss Verna wo òdòdó náà. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó dúró gbọnrangandan lójú fèrèsé bí ẹni tó wà nínú ẹ̀rọ ẹrù, lẹ́yìn náà ó fa kọ́tìnì.

Auntie ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní, “Àbí kéèkì ló kéré?” Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ṣàlàyé fún wọn, èmi tí ìdààmú ti mú lóye. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ọdún tó pọ̀ tó báyìí, tó wá ń fi pamọ́ bí ẹni tó jí i gbé.” Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọkàn wọn ti gbọgbẹ́, nítorí wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì.

Miss Verna kò gbé fóònù mọ́. Mo lọ, kò ṣílẹ̀kùn. Ó ní láti inú ilé pé, “Ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ kó bò, kò mọ ohun tó yẹ kó fi hàn. Òun ni gbogbo iṣẹ́ náà. Lọ sọ fún olùkọ́ rẹ pé àgbọ̀n ẹnikẹ́ni ni.” Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá Mista Raymond lórí àtẹ̀gùn, ó ń bi mí pé ṣé ó yẹ kí òun máa tẹrí ba fún un báyìí. Ìyẹn gan-an ló dun Miss Verna jù: ọkùnrin tó ń pè é ní ọmọge ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì í lápá mú lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Auntie ní ẹ̀bẹ̀ làwọn máa bẹ̀. Wọ́n wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé ọbẹ̀, wọ́n mú mi dání. A kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn, Auntie sì kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó ṣe yẹ kí ẹlẹ́bẹ̀ kúnlẹ̀. O rántí pé níbí, àárín ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń dá ihò tí wọ́n ń ti lẹ́tà bọ̀ sí. Ẹnu Auntie bá ihò náà dọ́gba bí ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ni wọ́n bá ń ti ibẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi orí jì wá.”

Ohùn Miss Verna wá láti inú ilé. “Ta ló wà nílẹ̀ níbẹ̀?”

“Èmi ni, Patricia. Ọmọ yín.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

Auntie wò mí, wọ́n tún wo ihò náà. “Méjìdínlọ́gọ́ta, Mummy.”

“Mẹ́rìnlélógún lèmi. Báwo ni mo ṣe bí ọ?”

Auntie ronú sí i. Wọ́n rí i pé òótọ́ ni. Wọ́n gbé ọbẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a padà sílé. Mo mọ̀ pé ìyá yẹn jẹ ọbẹ̀ náà, nítorí ìkòkò ti wà níta ní fífọ̀ nígbà tí mo tún lọ. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì.

Ọjọ́ kíláàsì pé, lọ́jọ́ Tọ́sìdé tó kọjá. Mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ àfi àwòrán àgbọ̀n. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi mú bàtà tòótọ́ kan wá, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Chicago. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, mo ronú àtilọ bá àwọn tó ń kọ́ afárá. Mo bá rántí pé ohun kan wà lórí mi tí yóò bàjẹ́ tí mo bá kánjú. Mo rìn díẹ̀díẹ̀ dé iwájú. Mo gbé ọrùn mi jáde.

Mo sọ gbogbo rẹ̀, Saadat: ojú irin, aṣọ tó ń rù, eyín tó dun omidan, ẹ̀rọ ẹrù, kòkó. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, wọ́n sì dákẹ́ níbi tó yẹ. Nígbà tí mo parí, Mà Zoe ní ó dára, ó dára gan-an, ṣùgbọ́n báwo ni òun ṣe máa mọ̀ pé ẹni náà wà? Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ńkọ́? Ó ní tí mo bá lè sọ ọdún tí wọ́n bí i, òun á wá a nínú àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, òun á sì gbà fún mi.

Saadat, ọdún náà wà lẹ́nu mi. Nọ́ńbà mẹ́rin péré ni, mo yege, bàbá mi á sùn. Kò sì sí ohun tí mo tún lè bà jẹ́ mọ́ lọ́dọ̀ Miss Verna, ó ti lé mi. Mo la ẹnu.

Mo ní, “Mà Zoe, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi láti sọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.”

“Nígbà wo?”

“Títí di òní.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mà Zoe gbé bírò rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Kóòtù pupa ni mo kọ́kọ́ rí. Mista Raymond ló ń di ilẹ̀kùn mú, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Saadat, kò sí ọ̀pá lọ́wọ́ ìyá yẹn. Ó rìn láàárín àwọn àga wa láti ẹ̀yìn dé iwájú bí ẹni pé aṣọ lílọ̀ àwọn òyìnbó Georgia ṣì wà lórí rẹ̀. Ó dé iwájú, ó yí padà, kóòtù náà yí tẹ̀ lé e lẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gẹ́lẹ́ bíi ti àwòrán tí mo ti lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

Ó bi Mà Zoe pé, “Ti ẹnikẹ́ni?”

Mà Zoe ní, “Rárá, mà.” Òun náà ní “mà.” Mo gbọ́ ọ.

Níta, Miss Verna sọ fún mi pé òun ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tipẹ́, ọwọ́ òun sì wà lórí ohun tí wọ́n fi ń ṣí i. Ó ní bí mo bá pe ọdún yẹn, inú takisí tó gbé òun wá lòun ì bá tún bá lọ. Mo bi í ìdí tó fi wá pẹ̀lú bínú ṣe ń bí i. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. Ó ní òun ti bá gbogbo èèyàn jà rí láyé òun, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí wọ́n retí òun tí òun kò jáde. Ní ti Mista Raymond, ó ní òun ti sọ fún un pé kó yan ọ̀kan: kó máa pe òun ní ọmọge, tàbí kó máa gbé òdòdó rẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ láti dúpẹ́ kí n tó rántí. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ó dáa. Lẹ́ẹ̀kan péré.”

Mo yege. Mà Zoe yọ máàkì díẹ̀ nítorí ọjọ́ ìbí, mo sì jẹ́ kó yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ yìí. Miss Verna bá wa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, nínú kóòtù pupa, Mista Raymond sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Auntie ti lọ bá Pastor sọ̀rọ̀ ṣáájú ìsìn, mo rí i pé Pastor ń bi wọ́n ní ìbéèrè púpọ̀. Nígbà tí àkókò ìdúpẹ́ tó, Pastor Olúsọjí ní kí ìyá wa bọ́ síwájú. Ó gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Ó wo Auntie. Auntie mi orí fún un. Ó ní, “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá wa pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.”

Bàbá Isaac, díákónì wa tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́, dìde láti ọwọ́ ẹ̀yìn, wọ́n gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ní, “Àmín. Àwa náà á dàgbà débẹ̀.”

Gbogbo ìjọ ṣe àmín, Miss Verna náà ṣe é. Auntie ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta bálúùnù méjì àti mẹ́rin fún ọdún tó ń bọ̀.

Bá mi kí Ìyá àti Bàbá, kí o sì sọ fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù pé mo ń bẹ. Mo fi ìwọ̀n ara Miss Verna sínú àpò lẹ́tà yìí. Ó ní kí o rán bùbá àti ìró kan fún òun, kí bùbá náà fún díẹ̀ níbàdí. Tó o bá ń rán an, má fi ti àwọn ìyá àgbà ṣe é. Ọmọge ló ni ín.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń gbé ọrùn jáde díẹ̀díẹ̀,

Mojọláolúwa.